Bí òkè bá ṣe rí ni ọ̀gbàrá ṣe ń kó ilẹ̀ oko lọ ní Ìbàràpá

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èrúwà lọ sí Igbó-Ọrà yóò rí àwọn òkè olókùúta tó yọrí láàárín oko. Ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn làwọn àgbẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìn. Ibòmíràn wà tí ọkọ́ kì í pẹ́ kan òkúta, nítorí náà ìwọ̀nba ìyẹ̀pẹ̀ tí òjò bá kó lọ, àdánù gidi ni.

Àgbẹ̀ méjì lè dáko sára òkè tó ga bákan náà, kí ọ̀gbàrá ba ti ẹnì kan jẹ́, kó fi ti èkejì sílẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Bí ilẹ̀ bá wú bí ẹ̀yìn igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, omi á rọra ṣàn lókè, ṣùgbọ́n kó tó dé ìsàlẹ̀ ó ti pọ̀, ibẹ̀ gan-an nilẹ̀ sì ti dà gẹ̀rẹ́ jù. Níbẹ̀ ni yóò ti họ ilẹ̀ kanlẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ bí inú igbá, òkè rẹ̀ ló dà jù, níbi tí omi kò tíì pọ̀. Tó bá dé ìsàlẹ̀ tó tẹ́jú, omi á dẹwọ́, á da ìyẹ̀pẹ̀ tó gbé sílẹ̀. Ká sòótọ́, ọ̀rá oko ará òkè ni ẹni ìsàlẹ̀ ń jẹ!

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn, wọn ìyẹ̀pẹ̀ tí òjò ń kó lórí ilẹ̀ tó fi mítà 1, 5, 10 àti 15 sọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò ló pàdánù jù. Èyí tí wọ́n fi pòròpórò àti koríko gbígbẹ bò, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, ìyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ rárá. Ní 2020, wọ́n fún Lal ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé.

Kíkọ ebè dínà omi náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù máa ń ba awakọ̀ katakata láti gba ìbú òkè. Ṣùgbọ́n kòtò tí omi apá méjì ti ń pàdé yàtọ̀: omi á gbárajọ sẹ́yìn ebè, á já a, á sì gbẹ́ kòtò jíjìn síbẹ̀. Koríko ló yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀, bó bá tilẹ̀ gba ojú ebè mélòó kan. Ẹni tó fowó gba ilẹ̀ fún ọdún kan péré ni èyí máa ń ṣòro fún jù.