Ọmọ Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kò Tó

Ọmọ kan ń tòògbé ní kíláàsì. Bó bá sáré díẹ̀, á máa mí hẹlẹ. Àwọn èèyàn ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì nà án. Ẹ wo inú ìpéǹpéjú rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá funfun, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí à ń mí lọ sí gbogbo ara. Bí kò bá tó, ara á máa rẹ ọmọ, ìwé ò sì ní wọ̀ ọ́ lórí.

Kí ló ń fà á?
1. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Inú oúnjẹ la ti ń rí i. Gààrí nìkan kò lè fún wa tó.
2. Aràn kan ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé níbi tí wọ́n ti ń yàgbẹ́ sílẹ̀. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun.
3. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.
4. Àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìyà yìí ń jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn Adivasi, àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àtijọ́. Ìjọba ibẹ̀ ń pín hóró oògùn irin fún àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láti ọdún 2015, wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín oògùn aràn káàkiri.

Kí làwa náà lè ṣe? Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ọsàn. Ẹ wọ bàtà fún un. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú àpò ẹ̀fọn. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Pàṣán kì í fún ọmọ lẹ́jẹ̀.