Bí aláìsàn bá ní òun fẹ́ kú

 

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo díẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata ní jẹjẹrẹ ọmú, dókítà sì ní kò sí ohun tó lè wò ó sàn mọ́. Nígbà tí a lọ kí i, ó ní òun fẹ́ pa ara òun kí gbogbo rẹ̀ lè tán. Ńṣe la pariwo: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" A gbàdúrà, a jáde. Láti ọjọ́ náà kò sọ ọ̀rọ̀ gidi fún wa mọ́. A ṣì í ṣe.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ya wèrè. Ó lè jẹ́ ìrora, ó lè jẹ́ owó tí ẹbí ń ná, tàbí ìtìjú pé ọmọ ló ń wẹ òun. Àwa náà la máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, aláìsàn sì ń gbọ́. Òfin tí òyìnbó ṣe ní 1916 tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i fún ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹbí máa fi í pamọ́.

Àbúrò wa kan padà lọ, òun nìkan. Ó jókòó, ó ní: "Ìyá Aláta, ṣé ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pa ara yín?" Ẹ má bẹ̀rù ìbéèrè yìí. Kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Ló bá bú sẹ́kún, ó ní ìrora òru ni, òun kì í sùn.

Ìrora ní oògùn. Cicely Saunders, dókítà obìnrin tó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní London ní 1967, kọ́ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa fún aláìsàn jẹjẹrẹ ní mọ́fíìnì lásìkò lásìkò, kí ìrora tó padà dé. Olómi wà níbẹ̀ tó jẹ́ mímu. Bí dókítà bá ń wọ̀n ọ́n, kì í sọ ìyá àgbà di amugbó bí àwọn kan ṣe ń sọ kiri ọjà! UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú yìí. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀. Ìyá Aláta ti ń mu ún báyìí, ó sì ń sùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń sọ bí òun yóò ṣe ṣe é, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nínú ilé, kí ẹlòmíràn máa tọ́jú oògùn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má bá a mulẹ̀ pé ẹ ò ní sọ.

A ti pín ọjọ́ ìbẹ̀wò: Ìlobùú ni Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè, Ìfọ́n gba ìyókù. Ẹni tó bá ń lọ, kó mọ iye tí wọ́n ń ta agbọ̀n ata lọ́jọ́ náà o. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi wá nìyẹn, ó sì máa ní wọ́n ti rẹ́ wa jẹ.