A Jẹ Epo Ọwọ́ Wọn, A Kò Jẹun Nínú Àwo Wọn

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò sí ilé tí epo pupa kò sí. Òun ni a fi ń se ọbẹ̀, òun ni a fi ń jẹ iṣu, òun náà ni àwọn baba ńlá wa fi ń tan fìtílà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹ bá bi mí pé ta ni ó ń ṣe epo tí à ń jẹ, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní: "Àwọn Sòbò ni." N kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ìyé àgbà, bí a ti ń pe ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lo gbogbo ọlidé mi. Igbó ọ̀pẹ ìdílé wa wà lẹ́yìn abúlé náà, ọmọ Urhobo kan ni ó sì jẹ́ akọpẹ níbẹ̀. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ń gbé nínú ahéré létí igbó. Ìyé àgbà kì í ṣe òǹrorò. Ẹni tí í fún àlejò ní omi kí ó tó bèèrè orúkọ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ rẹ̀ fún wa kò yí padà: "Ẹ má jẹun nílé Sòbò o." Bí a bá bèèrè ìdí rẹ̀, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún wa." Ọ̀rọ̀ tán.

N kò tíì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó ọkùnrin náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, tí yóò máa gùn ún lọ tàdá-tàdá. Igbà yẹn nìkan ni ó wà láàárín òun àti ikú. Bí ìdì ẹyìn bá ti balẹ̀, ìyàwó àti ọmọ yóò kó wọn lọ sí ẹkù, wọn yóò là wọ́n, wọn yóò bò wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè rọrùn láti ṣà. Wọn yóò sè é nínú àgbá, wọn yóò gún un, wọn yóò bu omi sí i, epo yóò sì léfòó. Ìyàwó ni yóò máa rọra gbọ́n epo náà, tí yóò tún sè é títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ohunkóhun kì í ṣòfò níbẹ̀: ihá di ìdáná, èkùrọ́ di tità.

Kì í ṣe ìdílé wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Urhobo ti ń ti ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí wá sí agbègbè Òkìtìpupa. Àwa ni a ni ilẹ̀ àti ọ̀pẹ. Àwọn ni wọ́n mọ iṣẹ́ ọ̀pẹ dunjú. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe epo, epo náà sì ń bọ́ àwọn ọjà wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ìwádìí kan nípa wọn ní ọdún 1979. Àkọlé rẹ̀ pàápàá pe àwọn àlejò yìí ní ẹni tí ń mú kí ìgbèríko yára gòkè àgbà. Ní abúlé wa, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ yàtọ̀.

Orúkọ ọ̀hún gan-an kì í ṣe tiwọn. "Sobo" ni àwọn òyìnbó amúnisìn ń kọ sínú ìwé ìjọba. Ẹgbẹ́ Urhobo Progress Union ni ó jà fún àyípadà rẹ̀, ní ọdún 1938, ìjọba sì gbà láti máa kọ ọ́ bí àwọn tó ni ín ti ń pè é: Urhobo. Mo ti dé yunifásítì kí n tó mọ̀ pé orúkọ tí à ń pe akọpẹ wa ti kúrò nínú ìwé ìjọba kí Ìyé àgbà tó lọ́kọ.

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, ọkùnrin náà kó ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wá: gálọ́ọ̀nù epo mẹ́wàá. Ó tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé Ìyé àgbà, ó sì padà sí igbó. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí ń bójú tó ilẹ̀ ìdílé, kò tíì ti Òkìtìpupa dé. Bọ́ọ̀lù aláwọ kan wà lọ́jà tí ojú mi ti wọ̀. Mo gbé gálọ́ọ̀nù kan, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde sí títì, mo sì tà á fún awakọ̀ kan tí kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dé, ó ka epo, ó bá mẹ́sàn-án. Kò bi Ìyé àgbà, kò bi èmi. Ó ní, "Sòbò yìí ti ṣe ìṣe wọn." Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ó dúró lágbàlá, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó ní mẹ́wàá ni òun kó wá. Wọ́n pè é ní òpùrọ́, wọ́n pè é ní olè, wọ́n ní bí kò bá fẹ́ san án, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé gálọ́ọ̀nù mìíràn dé.

N kò purọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé n kò ní láti purọ́ rárá. Orúkọ tí a sọ ọkùnrin náà ti bá mi pa irọ́ náà sílẹ̀ kí n tó jalè.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Mo wà ní yunifásítì ní ìlú Yorùbá mìíràn, níbi tí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ti máa ń fi ohùn Ìkálẹ̀ mi ṣẹ̀fẹ̀: "Ṣé Yorùbá ni yín àbí Bìní?" Èmi náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù ẹnì kan sọnù. Nínú àwa mẹ́fà, àpò mi ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Ẹnì kan fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé, "Àwọn ará odò yìí, ẹ ò mọ̀ wọ́n." Abẹ́ ìrọ̀rí ẹni tó ni fóònù ni wọ́n ti rí i. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì sùn. Èmi kò rí oorun sùn. Ọkùnrin kan tó ká fìlà mọ́wọ́ ni mo ń rí níwájú mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa ẹni tí à ń pè ní àlejò. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Ìkálẹ̀ ló sọ pé láti Bìní ni àwọn kan nínú baba ńlá wa ti ṣí wá. Ìjọ́ ni orírun àwọn Àpọ́ì tí wọ́n múlé tì wá, síbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ́ Àrógbò, àwọn tó ti ń ná ọjà kan náà tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, abúlé jóná. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti epo rọ̀bì wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í ti iná bọ ilé aládùúgbò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ní Rwanda, kí wọ́n tó fi àdá pa àwọn Tutsi ní 1994, aáyán ni wọ́n ti ń pè wọ́n lórí rédíò.

Ó tún tó ọdún mẹ́ta kí n tó láyà láti padà lọ. Nígbà tí mo dé, akọpẹ wa ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá ní ẹkù, orí rẹ̀ ti funfun.

Nígbà èwe wa, a máa ń gbọ́ tí ọmọbìnrin wọn ń kí bàbá rẹ̀ láràárọ̀ pé, "Migwo," tí bàbá yóò sì dáhùn pé, "Vrẹndo." A máa ń sín wọn jẹ. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀: "Mo wà lórí ìkúnlẹ̀." Ìdáhùn rẹ̀ ni, "Dìde." Ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi láti kékeré ni wọ́n ń kọ́ ọmọ tiwọn, òun ni a sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Migwo, Màmá." Ó pẹ́ kí ó tó dá mi lóhùn. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Kò dáwọ́ epo tó ń gbọ́n dúró.

Ó ní, "A mọ̀. Ọmọ wa rí ọ lójú títì."

"Kí ló dé tí Bàbá kò sọ ọ́, Màmá?"

"Ta ni wọn ì bá gbà gbọ́, ọmọ onílẹ̀ tàbí Sòbò?"

Kò sọ fún mi pé kò burú. Ó ní, "Lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ. Iwájú wọn ni wọ́n ti pè é ní olè."

Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti di arúgbó, dákẹ́ títí. Ó ní ẹni tó kú ti kú, kí ni a tún fẹ́ ṣe sí i? Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sí ẹkù. N kò rí i kí ó rin ọ̀nà yẹn rí. Àwọn ni wọ́n máa ń wá bá a. Nígbà tí a débẹ̀, ó fi orúkọ ọkọ obìnrin náà bá a kẹ́dùn, orúkọ gan-an tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí ìgbà kan tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún yìí wá.

Mo fún Màmá ní owó gálọ́ọ̀nù epo kan, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà. Ó kà á, ó sì so ó mọ́ etí aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọbẹ̀ ẹyìn àti òkèlè ẹ̀gẹ́ wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo àwo náà, ó ṣan ọwọ́, ó sì jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a ní "Sòbò" tiwa: Àgàtú tó ń ro oko wa, Ègùn tó ń bá wa kọ́lé, Máláà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ bèèrè orúkọ wọn, kí ẹ sì máa fi pè wọ́n. Bí nǹkan bá sì sọnù nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ onílé léèrè.