Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni fítámì A ń bá jẹjẹrẹ awọ ara fà?

Fítámì A kò mọ sórí ojú nìkan. Tó bá dénú ara, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di retinoic acid, tó ń wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ títí dé ibi tí àṣẹ ti ń jáde. Níbẹ̀ ló ti ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì awọ pé kó gbó, kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó sì kú nígbà tó bá yẹ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀. Pípọ̀ ló ń pọ̀ sí i ṣáá.

Lọ́dún 1988, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn èèyàn 5 tó ní xeroderma pigmentosum, àrùn àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí awọ lè tún ibi tí oòrùn bà jẹ́ ṣe. Láàárín ọdún 2 tó ṣáájú ìtọ́jú, kókó jẹjẹrẹ 121 ti yọ lára wọn. Ọdún 2 tí wọ́n fi lo isotretinoin, oògùn tó bá fítámì A tan, 25 péré ló yọ.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Bí wọ́n ṣe dá oògùn náà dúró, kókó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde. Ó dá a lọ́wọ́ kọ́ ni, kò pa á. Ó sì le lára: ètè á gbẹ, á sán, ó lè yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, aboyún ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá, torí ó ń ba ọmọ inú jẹ́.

Ẹ̀yin àfín tí oòrùn tètè ń ba awọ yín jẹ́, ẹni tó bá ń ta fítámì A fún yín dípò fìlà, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn, owó yín ló ń wá.