Ẹ̀jẹ̀ Lára Orín: Bí A Ṣe Ń Tètè Mọ Àrùn Erìgì

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, bí ènìyàn bá ń rún orín, tí ó tu itọ́ sílẹ̀, tí ó sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń wí ni pé orín náà ti le jù. Bí ó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ni ó ń lò, búrọ́ọ̀ṣì ni yóò dá lẹ́bi. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò máa yẹra fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Èyí jọ ọgbọ́n lójú, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń mú kí eyín púpọ̀ ká. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá fi agbára gún erìgì lè ṣe é léṣe, ṣùgbọ́n irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jinná. Erìgì tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń ṣàìsàn.

Kò sí ẹnu tí kò ní àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Wọn a máa kóra jọ sí ẹsẹ̀ eyín, níbi tí eyín àti erìgì ti pàdé, wọn a sì di ìdọ̀tí rírọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ eyín pinpin. Bí a kò bá mú un kúrò lójoojúmọ́, erìgì a wú. Bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, èròjà inú itọ́ a sọ ọ́ di líle, orín kò sì ní lè ṣí i kúrò mọ́.

Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Ènìyàn 12 tí erìgì wọn dá ni ó dáwọ́ ẹnu fífọ̀ dúró. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, àrùn erìgì ti mú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹnu, erìgì wọn padà bọ̀ sípò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí fi hàn pé ìdọ̀tí ni ó ń fa àrùn náà, àti pé bí a bá tètè mú un, yóò san pátápátá.

Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè wọ inú lọ. Erìgì yóò ṣí kúrò lára eyín, egungun tí ó di eyín mú yóò sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Egungun tí ó ti jẹ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà. Akokoro a máa dun ni tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní lè sùn, ṣùgbọ́n àrùn erìgì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdun ẹnikẹ́ni.

Àmì rẹ̀ ni ó yẹ kí a mọ̀. Ìwé ìlera láti òkèèrè a máa wí pé erìgì tí ń ṣàìsàn a máa pọ́n. Ṣùgbọ́n erìgì ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú láti inú ìyá wọn wá, èyí kì í ṣe àrùn, ó sì lè bo pípọ́n náà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni kí a máa wò, àti ṣóńṣó erìgì tí ó wà láàárín eyín méjì, bóyá ó ti wú tí ó sì ń dán, àti ẹnu tí ń rùn láìdáwọ́ dúró. Bí erìgì bá ti sún kúrò, tí eyín dà bí ẹni pé ó gùn sí i, tí ọyún ń jáde tàbí tí eyín ń mì, àrùn ti wọlé jìnnà. Ẹni tí ń mu tábà kò gbọdọ̀ fi àìrí ẹ̀jẹ̀ tan ara rẹ̀, nítorí tábà a máa dín ẹ̀jẹ̀ náà kù. Aláboyún àti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ní láti ṣọ́ra ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ibẹ̀ gan-an ni kí a fọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ rírọ̀, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ìbáà ṣe orín ata, ìbáà ṣe pákò, kí a rún ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí a sì fi í nu ẹsẹ̀ eyín níta àti nínú. Omi iyọ̀ a máa tu erìgì lára, ṣùgbọ́n kò lè mú ìdọ̀tí líle kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni ó kàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Oníṣègùn yóò fi ọ̀pá tín-ínrín wọn àlàfo tí ó wà láàárín eyín àti erìgì. Mìlímítà 1 sí 3 kò léwu. Bí ó bá tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ àmójútó. Yóò sì ha ìdọ̀tí líle náà kúrò. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé híha yìí ni í mú kí eyín mì, ṣùgbọ́n àrùn ni ó ti tú ìdí eyín bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá oúnjẹ jíjẹ nìkan. Eyín iwájú òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ni a fi ń pe /f/ ní èdè Yorùbá. Ẹni tí eyín náà bá ti ká, ọ̀rọ̀ bí "ìfẹ́" kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.