Ọṣẹ Olórìí: Ìgbà wo ni ó yẹ kí Òrí wọ Ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tọ́ kí a bá ara wa sọ kí ọyẹ́ tó dé. Láti Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn títí dé Balógun ní Èkó, ọṣẹ tí a kọ ọ́ sí ara bébà rẹ̀ pé òrí wà nínú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí ìyá ọmọ bá fi òmíràn nínú wọn wẹ ọmọ rẹ̀, ara ọmọ a funfun bí ẹni pé a fi ẹfun kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa ta á. Oníbàárà yóò wí pé, “Ìyá ọlọ́ṣẹ, ẹ tàn mí jẹ.” Ìyá ọlọ́ṣẹ yóò sì búra pé ọwọ́ òun ni òun fi bu òrí sí ìkòkò. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò purọ́. Òrí wọ ìkòkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò wọn ohun tí ó bá a wọ̀ ọ́, a kò sì wo àkókò.

Ọṣẹ kì í ṣe epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe sódà; ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ni. Michel Eugène Chevreul, ará Fáransé, ẹnití Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí títí ó fi pé ọdún 102, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1823 pé nígbàtí epo àti sódà bá pàdé, epo a pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni sódà ń gbá mú tí ó fi di ọṣẹ. Apá kejì a di omi dídùn tí ó ń yọ̀, èyítí a ń pè ní gílísárìnì, tí í máa fa ọ̀rinrin mọ́ ara. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa fi omi iyọ̀ yọ gílísárìnì yìí kúrò nínú ọṣẹ, wọn a sì tà á lọ́tọ̀, tí àwa náà yóò tún fi owó rà á padà nínú ìgò ìpara! Ẹnití ń se ọṣẹ nínú ilé kò pàdánù rẹ̀. Nínú epo 1,000 gíráàmù, nǹkan bíi 100 gíráàmù gílísárìnì ni yóò wà nínú ọṣẹ rẹ̀.

Àwọn ìyá wa tí ń fi eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ se ọṣẹ dúdú kò dúró de ìwé ará Fáransé kí wọn tó mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n omi eérú kì í mú ọṣẹ le. Nítorínáà ni ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀. Ẹnití ó bá fẹ́ ọṣẹ tí a lè gé bí búrẹ́dì kò lè ṣe aláìlo kọ́sítíìkì sódà, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà, nítorí pé epo kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye sódà tí ó lè gbà. Epo pupa 1,000 gíráàmù yóò gba sódà 142. Àdín àgbọn yóò gba 183, àdín tí a fi ẹkùrọ́ ṣe kò sì jìnnà sí i. Òrí kò gbà ju 128 lọ. Ẹnití ó bá mú àdín kúrò, tí ó fi òrí dípò rẹ̀, tí kò sì dín sódà kù, iná ni ó ń tà fún ènìyàn.

Sódà kò mọ òrí yàtọ̀ sí epo pupa. Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jẹ nínú gbogbo wọn, díẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù yóò sì jẹ́ àdàlù. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ láìgbé e ka iná a máa rò pé bí àwọn bá fi òrí sí i nígbàtí ó bá ki bí ògì, òrí náà yóò bọ́ lọ́wọ́ sódà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, èyítí ó pọ̀ jù nínú sódà ṣì ń wá ohun tí yóò jẹ. Ọṣẹ wọn lè dára púpọ̀ bí wọn bá wọn sódà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò lè yan epo tí yóò ṣẹ́kù.

Ẹnití ń gbé e ka iná ni ó lè yàn án. Kí ó wọn epo pupa 500 gíráàmù fún líle ọṣẹ, àdín àgbọn 300 fún ìfófòó, àti òrí 150. Àdín àgbọn kò gbọdọ̀ pọ̀ jù, nítorí bí ó ti ń kó ìdọ̀tí ni ó ń kó ọ̀rá ara ẹni pẹ̀lú. Sódà tí ó tó wọn jẹ́ 145 gíráàmù, nínú omi 330. Kí ó se é lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi máa dán bí fasilíìnì. Kí ó bu díẹ̀ tí ó ti tutù, kí ó fi orí ahọ́n kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá ta ahọ́n, sódà kò tíì jẹun tán. Nígbàtí kò bá ta á mọ́, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, nígbà náà ni kí ó wá po òrí 50 gíráàmù tí ó ti yọ́ mọ́ ọn. Òrí yìí ni yóò kù sí ara ẹni tí ó bá wẹ̀.

Oyin ṣíbí kan tí a fi omi díẹ̀ là, lẹ́yìn òrí ni kí ó wọlé, nítorí bí ó bá pàdé sódà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkòkò yóò ru sókè, oyin yóò sì jóná. Òróró olóòórùn dídùn ni ìkẹyìn, kí ooru má ba à gbé e lọ. Osùn kò ní wàhálà. A lè kù ú kí a sì pò ó mọ́ ọn nígbàkígbà tí ó bá wù wá. Ẹ má ṣe wí pé bí òrí 50 bá dára, 200 yóò dára jù ú lọ: ọṣẹ náà yóò rọ̀, kì yóò fófòó, bí ó bá sì pẹ́ nílẹ̀ yóò máa rùn bí epo tí ó ti kan.

Sódà ni kí a dà sínú omi, a kò gbọdọ̀ da omi lé sódà. Kí ọwọ́ wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí awò sì bo ojú. Ẹ má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí sódà yóò jẹ ẹ́. Irin tí kì í dípẹtà ni ó yẹ. Ẹ kó àwọn ọmọdé jìnnà sí ibẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti gé ọṣẹ náà, kí a tò ó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí omi inú rẹ̀ gbẹ. Èyí tí a kò gbé ka iná yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.