Ẹja Tútù, Ẹran Tútù: Kí Ni Ọmọ Ológbò Lè Jẹ Láìsè?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi, tó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, Prof. Mo mọ̀ pé ẹ ní ológbò nílé. Wọ́n ní ẹran tútù ló dáa jù fún wọn. Ṣé kí n má wulẹ̀ se ti ọmọ ológbò mi mọ́?" Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn, torí pé àìmọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pa ọmọ ológbò kan rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ológbò kan tí kò sẹ́ni tó ni ín bímọ mẹ́ta sẹ́yìn ilé ìdáná mi níbí, ní Àjàrà, ní Àgbádárìgì. Mọ́tò pa ìyá wọn lójú títì márosẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi la bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wọn. Mo rò pé kò le: ọ̀sà rèé nítòsí, òkun rèé lọ́ọ̀ọ́kán, ẹja ò wọ́n wa. Mo ń ra ṣáwá lọ́jà Agbalata, mo ń gé e wẹ́wẹ́, mo ń gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀ láìsè. Wọ́n ń jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ẹnu. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, èyí tó kéré jù kò lè gbé orí mọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà, ó ń rìn tàgétàgé bí ẹni tó mu ẹmu yó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì ti mú un, ó sì kú. Mo sáré gbé àwọn méjì tó kù lọ bá dókítà ẹran. Ó gún wọn lábẹ́rẹ́ fítámì B1, kò sì pẹ́ tí ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ń fún wọn jẹ?" Nígbà tí mo dáhùn, ó mi orí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀rọ̀. "Tútù" yìí ló tàn mí jẹ. Tí ìyá ẹlẹ́ja bá ní "ẹja tútù rèé", ó lè túmọ̀ sí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á lódò. Ó lè túmọ̀ sí pé wọn ò tíì yan án, wọn ò sì tíì sè é. Ó sì lè túmọ̀ sí pé inú fírísà ló ti jáde, ó ṣì dì gbagidi. Nǹkan mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jẹ́. Nínú ikùn ológbò, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n àìsè ẹja ni ìjàǹbá wà. Nínú irú ẹja bíi ṣáwá, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní thiaminase, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ba fítámì B1 jẹ́. Iná ìdáná ló ń pa á, fírísà kì í pa á. Bí ológbò bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsè, fítámì náà á tán lára rẹ̀, ọpọlọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ohun tó pa ọmọ ológbò mi nìyẹn.

Àwọn tó ń polongo ẹran àìsè kì í ṣe òpùrọ́ o. Òótọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn. Bí ebi ti wù kó pa ẹkùn tó, kò ní jẹ koríko. Ọmọ ìyá ẹkùn sì ni ológbò. Ẹ̀bà àti ìrẹsì nìkan ò lè gbé e ró. Láàárín 1932 sí 1942, dókítà kan ní California, Francis Pottenger, fún àwọn ológbò kan ní ẹran àìsè, ó fún àwọn mìíràn ní sísè. Àwọn tó jẹ sísè ṣàìsàn, àwọn ọmọ wọn sì burú jù wọ́n lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé iná ló ń ba oúnjẹ ológbò jẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé taurine ṣe pàtàkì fún ológbò. Inú òróòro màlúù ni àwọn ará Jámánì méjì, Tiedemann àti Gmelin, ti rí i ní 1827. Taurus tí í ṣe akọ màlúù ní èdè Látìn ló fún un lórúkọ. Ara ológbò kò lè ṣe é tó bó ṣe nílò rẹ̀. Ní 1975, wọ́n fi hàn pé àìní rẹ̀ ń fọ́ ológbò lójú. Ní 1987, Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Davis, ní California, fi hàn pé ó ń sọ ọkàn ológbò di aláìlágbára. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ jó taurine o. Inú omi tí a fi se ẹran ló máa ń yọ́ sí. Tí ẹ bá da omi yẹn nù, ẹ ti da taurine nù.

Ẹran lásán náà kò tó, yálà ẹ sè é tàbí ẹ kò sè é. Phosphorus pọ̀ nínú rẹ̀, calcium ò tó nǹkan. Ọmọ ológbò tó ń dàgbà tí kò rí egungun jẹ, ara egungun tirẹ̀ ni yóò ti máa yọ calcium, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wọ́, tàbí kó kán lórí fífò kékeré. Ẹ̀dọ̀ ló ń fún un ní fítámì A, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá pọ̀ jù, egungun ọrùn á lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ wá wo ti kòkòrò àìsàn. Salmonella wọ́pọ̀ lára adìyẹ tútù. Fírísà kì í pa á, ó kàn ń fi í sùn ni. Bí iná bá lọ ní Àgbádárìgì fún ọjọ́ méjì, á jí. Fírísà tó dì dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan lè pa Toxoplasma, ṣùgbọ́n èwo nínú wa ló lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iná? Bẹ́ẹ̀ kòkòrò yìí léwu fún aláboyún àti oyún inú rẹ̀. Ti àìsàn lukuluku adìyẹ tún wà níbẹ̀, H5N1, tó wọ Nàìjíríà ní 2006. Ní Thailand ní 2004, ọ̀pọ̀ ẹkùn ló kú ní ọgbà ẹranko kan lẹ́yìn tí wọ́n jẹ adìyẹ tútù. Ní òpin 2024, ológbò kú ní Amẹ́ríkà látàrí oúnjẹ àìsè inú ọ̀rá.

Ìdáhùn mi fún ọmọ mi nìyí. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wàrà ọmọ ológbò ni kó mu. Mílíìkì màlúù á mú un ṣunú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi omi díẹ̀ se ẹran tàbí adìyẹ, kí ọkàn ẹran wà níbẹ̀ torí taurine, ẹ yọ egungun sísè kúrò torí ó ń fọ́ ṣóṣóró, kí ẹ sì da omi rẹ̀ lé e lórí. Fún kílò kan ẹran, ẹ̀dọ̀ kó má ju bí ìdá kan nínú ogún lọ, kí èèpo ẹyin tí ẹ lọ̀ kúnná tó ṣíbí tíì kan. Ẹja sísè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójoojúmọ́. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà níbẹ̀, torí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Nítorí náà ẹ yéé fún wọn ní ìyókù ọbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má pe èyí ní oúnjẹ pípé. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Davis yẹ ìlànà oúnjẹ ológbò àsènílé 114 wò, kò sí ìkankan tó pé. Ẹni tó bá lágbára, kó fi oúnjẹ ológbò inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó pé fún ọmọ ológbò, ṣe ìpìlẹ̀, kí àsènílé jẹ́ àfikún. Ẹni tí kò bá lágbára, kó fi ìlànà tirẹ̀ han dókítà ẹran.

Àwọn méjì tó kù ṣì wà nílé mi. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ọ̀kan sùn sórí ìwé atúmọ̀ èdè mi. Àwọn àgbà ní àìsí ológìnní nílé, ilé di ilé èkúté. Èkúté ò sí nílé mi o, àmọ́ ẹnì kẹta wọn ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí ìyá ẹlẹ́ja bá ké pé "ẹja tútù rèé o". Mo ṣì ń rà á. Ìkòkò ló ń kọ́kọ́ dé kó tó dé abọ́ wọn.